Kíkó Wọlé àti Mímú Wọlé: Ọ̀rọ̀ Ìperí fún Oògùn tí ó ń ti Òkèèrè Wá sí Ìkirè àti Apòmù

Ọjà Apòmù kì í ṣe ọjà àná. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú, tí ẹrù wọn ń bọ̀ láti apá etíkun, ti máa ń pàdé àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Òwu. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, pé ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ lórí atare nínú ọjà yìí wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1821. Láti ìgbà náà wá, ọjà òkèèrè kò ṣàjèjì sí Apòmù, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàjèjì sí Ìkirè tí ó múlé tì í, ìlú tí gbogbo arìnrìn-àjò ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ mọ̀ mọ dòdò rẹ̀. Irú ẹrù tí ń wọlé nìkan ni ó ń yí padà.

Lónìí, nínú àpò ẹni tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston dé, láàárín aṣọ àti bàtà, kò ṣọ̀wọ́n kí a rí páálí oògùn tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá tàbí bàbá rẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ, oògùn ikọ́ ásímà. Ìfẹ́ ni ó gbé e wá. Ṣùgbọ́n oògùn kò dà bí aṣọ tí a lè dán wò lára, kí a bọ́ ọ bí kò bá bá wa mu. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí í ṣe, ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é, àti bí a ti ń lò ó, ọ̀rọ̀ ni a sì fi ń mọ gbogbo ìwọ̀nyí. Nítorí náà, ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí: ǹjẹ́ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó tó láti fi ṣàlàyé irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ gbé e mì? Èsì rẹ̀ ni pé irin iṣẹ́ ti wà nínú èdè, pàápàá jù lọ nínú ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré méjì, kó àti mú. Ohun tí ó kù ni kí àwọn olùkọ́ àti ògbufọ̀ fi wọ́n ṣiṣẹ́.

Ohun tí ń gbé oògùn wá

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó dá ọmọ tí ó fi oògùn ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀ lẹ́bi. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jáwọ́ nínú dídi iye náírà mú sí ojú kan, iye náírà tí a fi ń ra dọ́là kan sì fò sókè. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline Consumer Nigeria kéde pé òun yóò fi òpin sí iṣẹ́ òun ní orílẹ̀-èdè yìí. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ Ventolin, tí àwọn oníkọ́ ásímà ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró, àti Augmentin, tí ń pa kòkòrò àìsàn. Oògùn wọ́n, òmíràn sì di ohun tí a ń wá kiri. Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ kan tí ó yọ owó orí kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ àti èròjà kan tí a fi ń ṣe oògùn nílé. Àṣẹ náà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lónìí kò lè dúró de ilé-iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Ọmọ tí ó wà lókè òkun gbọ́ pé oògùn ìyá òun ti tán, ó sì wá ọ̀nà.

Ọ̀nà náà kò tọ́ bí a ti rò. Níbi tí ọmọ náà wà, apòògùn yóò béèrè ìwé dókítà kí ó tó ta irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó wà ní Apòmù kò ní dókítà ní Houston. Nígbà mìíràn, nítorí náà, oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ fúnra rẹ̀, tàbí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àìsàn kan náà ń bá jà, ni yóò wọ inú àpò tí ń bọ̀ nílé. Orúkọ ẹlòmíràn ni yóò wà lára ìgò, ìwọ̀n ìlò ti ẹlòmíràn ni yóò sì wà lábẹ́ orúkọ náà.

Oògùn kan, orúkọ méjì

Ká wí pé ìyá kan wà ní Apòmù tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra. Dókítà kan ní Ifẹ̀ ti kọ Daonil fún un, ó sì ń rà á ní ìsọ̀ oògùn ní Ìkirè. Ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ìgò kan ránṣẹ́ sí i, ó ní oògùn àtọ̀gbẹ tí ó dára ni. Glyburide ni a kọ sára ìgò náà. Orúkọ yàtọ̀, àwọ̀ yàtọ̀. Inú páálí ni ti Ìkirè wà, inú ìgò ni ti Amẹ́ríkà. Ìyá kò rí ìdí tí òun kò fi ní í lo méjèèjì, nítorí pé bí ọwọ́ méjì bá gbé ẹrù, ẹrù a fúyẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà tí ó wà nínú Daonil ni glibenclamide, glibenclamide yìí kan náà sì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní glyburide. Oògùn kan ṣoṣo ni ìyá lò ní ìlọ́po. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí tí òógùn yóò fi bò ó, tí ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, tí kò sì ní í mọ ohun tí ó ń sọ mọ́. Bí a kò bá tètè mọ̀, ó lè dákú, ó sì lè kú.

Kò sí ayédèrú kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojúlówó ni oògùn méjèèjì, dókítà kò ṣì kọ, ọmọ kò sì fi ibi ṣe é. Orúkọ ni ó da gbogbo rẹ̀ rú. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì mọ sí ẹyọ kan. Paracetamol tí gbogbo ilé mọ̀ ni a ń pè ní acetaminophen ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá lo Panadol tí ó tún fi Tylenol lé e lórí ti lo oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì, àpọ̀jù rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Salbutamol tí ó wà nínú Ventolin ni wọ́n ń pè ní albuterol lọ́hùn-ún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti rí ewu yìí tipẹ́. Ní ọdún 1950 ni ó dá ètò kan sílẹ̀ pé kí èròjà oògùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan tí gbogbo ayé lè máa fi pè é, àkójọ kìíní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sì jáde ní ọdún 1953. Glibenclamide, paracetamol àti salbutamol wà nínú àwọn orúkọ náà. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ní orúkọ tirẹ̀ fún àwọn kan, àwọn ilé-iṣẹ́ sì ń fún ọjà wọn ní orúkọ tí ó wù wọ́n.

Ètò ìsọmọlórúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni a lè fi kọ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ìdílé bàbá a sọ ọmọ ní orúkọ, ìdílé ìyá a sọ ọ́ ní òmíràn, síbẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ni. Nígbà tí ọmọ bá dàgbà tí ó bọ́ sí ìta, àwọn ọ̀rẹ́ lè fún un ní àlàjẹ́. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè pe orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ èròjà inú oògùn ní orúkọ àbísọ, kí a sì pe èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń ta á ní orúkọ ìtajà. Glibenclamide àti glyburide jẹ́ orúkọ àbísọ tí ìdílé méjì sọ ọmọ kan, Daonil sì jẹ́ orúkọ ìtajà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlàyé yìí yóò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè nígbà tí oògùn titun bá dé: kí ni orúkọ àbísọ rẹ̀?

Oògùn àkọfúnni

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò ìperí ni irú oògùn tí òfin kò gbà kí a tà láìsí ìwé dókítà. Oríṣiríṣi orúkọ ni a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ń pè é ní oògùn òyìnbó, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ju ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá lọ, oògùn orí fífọ́ tí a ń rà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni náà sì jẹ́ oògùn òyìnbó. Àwọn mìíràn ń sọ pé oògùn líle ni. Agbára oògùn ni èyí tọ́ka sí, ó sì lè mú kí aláìsàn sá fún oògùn tí yóò gbà á là. Oògùn oníwèé sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ni ó gbé síwájú, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ìwé mú lọ́wọ́ ti kúrò nínú ewu.

Bí a bá tẹ́tí sí ọ̀nà tí àwọn aláìsàn fúnra wọn ń gbà sọ̀rọ̀, a ó rí i pé wọ́n ti sún mọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń wá. Wọn a ní, “Dókítà kọ ọ́ fún mi.” Kì í ṣe kọ nìkan ni ó wà níbẹ̀. Fún ni ó gbé ìtumọ̀ gbólóhùn náà ró. Dókítà kò kọ oògùn fún àìsàn lásán. Ènìyàn kan ni ó kọ ọ́ fún, lẹ́yìn tí ó ti wo ọjọ́ orí rẹ̀, oyún tí ó lè wà nínú rẹ̀, bí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, àti àwọn oògùn mìíràn tí ó ń lò. Láti inú gbólóhùn yìí ni a ti lè ṣẹ̀dá oògùn àkọfúnni, bí a ti ṣẹ̀dá àdìrẹ láti inú dì àti rẹ, tí a sì ṣẹ̀dá àgbàtọ́ láti inú gbà àti tọ́.

Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ìṣègùn ìbílẹ̀. Oníṣègùn tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gún àgúnmu fún ẹni tí kò rí. Yóò béèrè bí ara ti ń ṣe é, yóò béèrè eèwọ̀ rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ó lóyún. Àgbà kò ní í sọ pé kí aládùúgbò gba àgúnmu ẹlòmíràn lò nítorí pé inú ń run àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn àkọfúnni rí. Lisinopril tí ń ṣe ìyá àgbà lóore, tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá bí ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó lóyún bá gbà á lò. Àìsàn kan náà ni, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ oògùn kì í ṣe ti ẹni méjì. Bí olùkọ́ bá fẹ́ dán ìperí yìí wò, kí ó fi í sínú gbólóhùn tí ìyá lè sọ fún ọmọ: “Oògùn àkọfúnni ni, a kò kọ ọ́ fún ọ.” Kò nílò àlàyé mìíràn.

Kó àti mú

Ìwé ìròyìn àti rédíò ti sọ ọ́ di àṣà láti máa pe gbogbo ọjà tí ó bá ti òkèèrè wá ní ọjà tí a kó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì tàbí ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ìyá àgbà tí ó gba páálí oògùn kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ti kó oògùn wọlé, etí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa yóò kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó ní ìwé kan lọ́wọ́ mú ìwé wá. Ẹni tí ó ní ogún ìwé kó ìwé wá. Ẹni tí ó ra ewúrẹ́ kan mú un bọ̀ wálé. Ẹni tí ó ra agbo kan kó wọn bọ̀. Nínú ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ti ń mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí púpọ̀, kí a tó dárúkọ iye rárá.

Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni òfin orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń wá ọ̀rọ̀ fún. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò fi àyè gba kí ènìyàn kọ̀ọ̀kan máa gbé oògùn tí ìjọba ibẹ̀ kò fọwọ́ sí wọ ilẹ̀ náà. Síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tí ń ṣàbójútó oògùn lè fojú fo ti ẹni tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni yóò lò ó fún, bí iye rẹ̀ kò bá ju èyí tí ènìyàn lè lò fún oṣù mẹ́ta lọ. Ní Japan, arìnrìn-àjò lè mú oògùn àkọfúnni tí yóò lò fún oṣù kan wọlé. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ ti gba ìwé ìyọ̀ǹda ṣáájú. Iye oṣù yàtọ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kan náà ni orílẹ̀-èdè méjèèjì lò, èyí ni ohun tí ara ẹnì kan nílò.

Nítorí náà, ó bójú mu kí a fi ìkówọlé oògùn pe iṣẹ́ oníṣòwò, kí a sì fi ìmúwọlé oògùn pe ti ẹni tí ó mú oògùn bọ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Ẹnì kan lè takò ó pé bí hóró oògùn bá tó àádọ́rùn-ún nínú ìgò, ó ti di púpọ̀, kó ni ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe hóró ni a ń kà níhìn-ín. Bí ènìyàn ti ń sọ pé òun mú oúnjẹ wá, tí kò ka hóró ìrẹsì inú àwo, bẹ́ẹ̀ ni àádọ́rùn-ún hóró tí ẹnì kan yóò lò fún oṣù mẹ́ta ṣe jẹ́ ìpín kan ṣoṣo. Ara tí yóò lò ó ni a fi ń kà á. Ní ọjọ́ tí ẹni náà bá ta hóró mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún aládùúgbò, ó ti kúrò nínú mímú, ó ti bọ́ sínú kíkó, bí ìgò rẹ̀ tilẹ̀ kéré.

Ẹ̀ka kẹta tún wà tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Ẹni tí ó mú oògùn bọ̀ láti òkè òkun lè má jẹ́ ẹni tí yóò lò ó. Ó lè jẹ́ ará ìlú tí ó gba iṣẹ́ jíjẹ́. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ni a lè pè ní oògùn àfiránṣẹ́. Ó jọ àrokò láyé àtijọ́: ẹni tí ó gbé e kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò tú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pa àrokò àti ẹni tí ó gbà á mọ èdè kan náà. Oògùn àfiránṣẹ́ tí kò ní ìwé dókítà, tí kò ní páálí rẹ̀, tí a dà sínú ọ̀rá nítorí pé ìgò gba àyè nínú àpò, jẹ́ àrokò tí kò sí ẹni tí ó lè tú u. Bí arìnrìn-àjò kan bá sì gba ti ìdílé márùn-ún pọ̀, kó ni ohun tí ó ṣe yẹn, yálà ó tà á tàbí kò tà á.

Ìkìlọ̀ kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mú ṣe àwíjàre. Àwọn oògùn kan wà tí òfin dè, tí wọ́n lè sọ ènìyàn di ẹrú wọn. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tí codeine wà nínú rẹ̀ àti kíkó o wọlé. Oògùn àdèlófin ni ó yẹ kí a pe irú àwọn wọ̀nyí, kí arìnrìn-àjò lè mọ̀ pé kíkéré ìgò kò sọ wọ́n di ohun tí a kàn lè mú kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú oògùnkóògùn bọ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àjọ NAFDAC.

Onídùúró oògùn

Ìdí tí ìjọba fi dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ wà nínú ohun tí ojú Nàìjíríà ti rí. Láti ọdún 1988 ni òfin kan ti jáde tí ó lòdì sí ayédèrú oògùn, tí ó sì fòfin de títa oògùn láàárín ọjà, ní ibùdókọ̀ àti nínú ọkọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1990, ọmọdé tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ni ó kú lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi, nítorí pé diethylene glycol, tí ń ba kíndìnrín jẹ́, ni a fi pò ó dípò propylene glycol. Ní ọdún 1993 ni òfin tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ jáde, pẹ̀lú òfin mìíràn tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ ṣe oògùn, tà á, tàbí kó o wọlé láìjẹ́ pé a ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣọ́ra náà kò tí ì tó, nítorí pé láàárín ọdún 2008 sí 2009, májèlé kan náà pa ọmọdé 84 nínú oògùn eyín.

Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára páálí ni ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀. Bí a bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ará ọjà, onídùúró ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá yá owó nílẹ̀ Yorùbá a máa mú onídùúró wá, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá yí padà, ẹnì kan wà tí a ó dì mú. Oògùn tí ó ní nọ́ńbà ní onídùúró ní Nàìjíríà. Oògùn tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù lè jẹ́ ojúlówó, kí ó ní onídùúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó má sì ní ẹyọ kan níhìn-ín.

Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí a ya oríṣi mẹ́ta sọ́tọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da pọ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, féèkì. Ayédèrú oògùn ni èyí tí ẹni tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nípa ohun tí í ṣe tàbí ibi tí ó ti wá. Oògùn tí kò pójú òṣùwọ̀n ni èyí tí oníṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a mọ̀, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ náà kò dára tó. Oògùn aláìforúkọsílẹ̀ ni èyí tí kò ní onídùúró nílẹ̀ yìí, yálà ó dára tàbí kò dára. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀kẹta ní féèkì ń ba ọmọ olóòótọ́ lórúkọ jẹ́; ẹni tí ó bá sì rò pé ojúlówó ti tó, kò mọ̀ pé kò sí ẹni tí òun lè pè bí ó bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà.

Ohun tí a kọ sára páálí

Lẹ́yìn orúkọ, ohun mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì lára páálí. Èkíní ni ọjọ́ òpin ìlò. Bí a bá kọ 05/08/2026, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ni lójú ará Ìkirè, nítorí pé ọjọ́ ni a ń kọ ṣáájú oṣù. Lójú ará Amẹ́ríkà, ọjọ́ kẹjọ oṣù Karùn-ún ni. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó wà láàárín méjèèjì. Ògbufọ̀ tí ó bá ń túmọ̀ irú páálí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù, kí ó má fi nọ́ńbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ìwọ̀n ìlò. Èdè Yorùbá ní irin iṣẹ́ tí ó mú ṣánṣán níbí, ṣùgbọ́n ó lè gé ẹni tí kò bá ṣọ́ra. “Ẹ lo méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́” túmọ̀ sí hóró mẹ́fà. “Ẹ lo méjì lójúmọ́” kò sọ bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni a ó gbé méjèèjì mì, tàbí ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ó sàn kí àṣẹ ìlò máa tẹ̀ lé ìlànà kan: iye hóró, iye ìgbà, àkókò. “Hóró kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́” kò ní ìtumọ̀ méjì.

Ẹ̀kẹta ni ìtọ́jú oògùn. Ínsúlínì tí a kò tí ì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tí ó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Èyí tí ó bá ti wà nínú àpò láti òkè òkun dé Ìkèjà, tí ó tún jókòó sínú ọkọ̀ nínú oòrùn títí dé Ìkirè, lè máa rí bí omi mímọ́ síbẹ̀ kí agbára rẹ̀ ti dín kù. Ojú kò lè rí i. Ọ̀rọ̀ ara páálí ni yóò sọ ọ́, bí ẹni tí ó lè kà á bá wà.

Àwọn ìperí tí a dábàá

Orúkọ àbísọ: orúkọ tí a fi mọ èròjà inú oògùn, ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é.
Orúkọ ìtajà: orúkọ tí ilé-iṣẹ́ kan fi ń ta oògùn rẹ̀.
Oògùn àkọfúnni: oògùn tí a kò gbọdọ̀ tà láìsí ìwé dókítà, tí a sì kọ fún ẹnì kan pàtó.
Ìkówọlé oògùn: gbígbé oògùn wọ orílẹ̀-èdè fún títà tàbí fún ìlò ọ̀pọ̀ ènìyàn.
Ìmúwọlé oògùn: gbígbé oògùn wọ orílẹ̀-èdè fún ìlò ara ẹni, ní ìwọ̀n tí ara ẹnì kan nílò.
Oògùn àfiránṣẹ́: oògùn tí ẹnì kan gbé wá fún ẹlòmíràn.
Oògùn àdèlófin: oògùn tí òfin dè, bí ó ti wù kí ó kéré tó.
Oògùn aláìforúkọsílẹ̀: oògùn tí kò ní onídùúró ní orílẹ̀-èdè tí ó wọ̀.
Ọjọ́ òpin ìlò: ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ lo oògùn kọjá.
Ìwọ̀n ìlò: iye oògùn, iye ìgbà àti àkókò tí a ó lò ó.

Bí ọ̀rọ̀ yóò ti dé ìsọ̀

Ọ̀rọ̀ ìperí tí ó bá jókòó sínú ìwé nìkan kò tí ì di ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1970, nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi Gẹ̀ẹ́sì, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti dán an wò. Ẹnu ọmọdé ni a fi wọn ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ojú ìwé. Modákẹ́kẹ́ kò jìnnà sí Ìkirè. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ọgbà kan ní Ìkirè fúnra rẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti àṣà. Iṣẹ́ tí ó yẹ irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà ní ìdúró ẹsẹ̀ sí i.

Kí olùkọ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́wàá yìí lọ sí ìsọ̀ oògùn kan, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní kẹ́mísìtì, kí ó sì bá ẹni tí ń tajà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ó sọ ọ̀rọ̀ kan, kí ó ní kí ẹni náà fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí ó gbọ́. Èyí tí ó bá yé e lẹ́ẹ̀kan, kí a mú un lò. Èyí tí ó bá nílò àlàyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí a wá òmíràn. A kò sì gbọdọ̀ bá kẹ́mísìtì jà nítorí pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, nítorí ó ti di ọmọ ilé. Ibi tí àyálò bá ti ń ṣiṣẹ́, kí a fi í sílẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń bo ewu mọ́lẹ̀, bí féèkì ti ń ṣe, kí a ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀.

Irewọlé ni orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìkirè jẹ́ olú-ìlú rẹ̀; Ìṣọ̀kan ni ti Apòmù. Ire ni ọmọ tí ó wà lókè òkun rò pé òun fi ránṣẹ́ wọlé nígbà tí ó di ìgò oògùn náà sínú àpò. Ó ku kí ìyá rẹ̀ lè béèrè, ní èdè tí ó fi wẹ ọmọ náà tí ó fi pọ̀n ọ́n, kí ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ta ni a kọ ọ́ fún, àti ìgbà wo ni ìlò rẹ̀ dópin, kí ó tó ṣí ìdérí rẹ̀.